Búrẹ́dì Tó Gan Kò Tíì Bàjẹ́

Nínú ilé Yorùbá, oúnjẹ àná kì í ṣe ohun ìtìjú. Iṣu sísè tó ṣẹ́kù lálẹ́ là ń dín láàárọ̀; ẹ̀kọ tó ti tutù là ń fi omi gbígbóná pò mu; ọ̀pọ̀ ló tilẹ̀ gbà pé ọbẹ̀ àná dùn ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹni tó bá da ọbẹ̀ nù kìkì nítorí pé ó sùn mọ́jú, wọn á bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ wo búrẹ́dì. Bó bá ti di ọjọ́ kẹta, tí etí rẹ̀ gan, tí àárín rẹ̀ ń rún wómúwómú, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó sọ ọ́ sí ààtàn. Mi ò gbà pé torí a ya àpà ni. Ìmọ̀ tí a ní lórí iṣu àti ẹ̀kọ ni a kò tíì mú dé orí búrẹ́dì, nítorí àlejò ni láàárín oúnjẹ wa. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tẹrú-tọmọ l'Ékòó. Ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Èlùbọ́ ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìyẹn.

Àṣìṣe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé a ka búrẹ́dì tó gan àti búrẹ́dì tó bu sí ọ̀kan náà. Èyí tó bu, ohun abẹ̀mí ló ń hù lára rẹ̀, ó sì ti ta gbòǹgbò wọ inú kọjá ibi tí ojú lè rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé ibi tí èébu wà kúrò kó sì jẹ ìyókù. Kó dà á nù pátápátá. Èyí tó gan ní tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ rò pé omi inú rẹ̀ ló gbẹ, ṣùgbọ́n ní 1852, Jean-Baptiste Boussingault, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Faransé, fi hàn pé búrẹ́dì á gan bí omi inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dín kù, àti pé bí a bá tún mú un gbóná, á rọ̀ padà. Sítáàṣì inú fláwà ló ń fà á. Nínú ààrò, sítáàṣì yìí fa omi mu, ó rọ̀. Bó ṣe ń tutù, ó ń ṣù mọ́ra, ó ń le. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 60 digírì, á tún tú sílẹ̀. Ìdí kan náà ni ìrẹsì àná fi ń le, tó sì ń rọ̀ bí a bá gbé e kaná.

Ibẹ̀ ni fìríìjì ti ń tàn wá jẹ. Òtútù tó sún mọ́ dídì àmọ́ tí kò tíì dì ni sítáàṣì fi ń yára le jù lọ. Búrẹ́dì inú fìríìjì kì í tètè bu, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n á tètè gan ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ. Fìrísà ló lè dá a dúró. Níbi tí iná ọba kì í ti í dúró, fìrísà kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ọ̀nà àtúnṣe ló yẹ kéèyàn mọ̀.

Èyí tó rọrùn jù ni ooru omi. Ẹ gbé asẹ́ lé ìkòkò omi tó ń hó, ẹ to búrẹ́dì sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Á rọ̀ tó èyí tí a lè fi jẹ ẹ̀wà àgọ̀yìn. Kí a tètè jẹ ẹ́ ṣá o, torí bó bá tún tutù, á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹyin. Ẹ po ẹyin mọ́ mílíìkì, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àti ata gígún tàbí ṣúgà, bó bá ṣe wù yín. Ẹ rẹ búrẹ́dì sínú rẹ̀, ẹ dín in lórí iná tí kò le. Níhìn-ín ni búrẹ́dì tó gan ti sàn ju tuntun. Tuntun á já sínú ẹyin, á di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀; èyí tó gan á fa ẹyin náà mu dé àárín láìtú. Èyí tó bá ti le kọjá ìyẹn, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ títí omi ara rẹ̀ á fi tán, ẹ gún un lódó, ẹ jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì kó o sínú agolo tó ní ìdérí. Ẹja tí a fi ẹyin pa lára, tí a sì yí nínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì yìí kí a tó dín in, ara rẹ̀ á gbẹ, á máa ró lẹ́nu.

Ti sáńwíìṣì gba ìṣọ́ra. Búrẹ́dì kọ́ ló ń ṣeni léṣe níbẹ̀, ohun tó wà láàárín ni: ẹyin, adìẹ, sàdíìnì. Ìmọ̀ràn ìjọba Amẹ́ríkà ni pé kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ má ṣe wà níta ju wákàtí 2 lọ, tàbí wákàtí 1 bí ooru bá kọjá 32 digírì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán wa sábà máa ń dé ibẹ̀. Nítorí náà, èyí tó wà lórí tábìlì òde àríyá láti ọ̀sán dalẹ́, ẹ dà á nù, kò ṣeé jẹ mọ́. Èyí tó tètè wọ fìríìjì ni ká yọ tòmátì àti kùkúḿbà kúrò nínú rẹ̀, ká fi bọ́tà díẹ̀ yan án ní tọ̀tún-tòsì títí inú rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa.

Àwọn kan á ní oúnjẹ òtòṣì lèyí. Ṣùgbọ́n ní Íjíbítì, fatta tí wọ́n ń jẹ nígbà Iléyá, búrẹ́dì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ìrẹsì àti ẹran àgbò wà lórí. Ní Brazil, rabanada tí wọ́n ń jẹ nígbà Kérésìmesì, búrẹ́dì tó gan tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì àti ẹyin ni. Ọjọ́ ọdún la sì ń sọ yìí. Ẹlòmíì á ní owó ẹyin àti gáàsì ju owó búrẹ́dì lọ, ọ̀rọ̀ yẹn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: kò yẹ ká tan gáàsì torí búrẹ́dì ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n asẹ́ lè gun orí ìkòkò iṣu tó ti wà lórí iná tẹ́lẹ̀, ẹyin tí a máa dín láàárọ̀ náà la ó rẹ búrẹ́dì sí.

Àtakò tó kù ni ti àwọn tó ń sìn ẹran: ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, kò ṣòfò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì. Ọ̀pọ̀ jù lọ àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò, òkè òkun ló ti ń wá. Ogun Ukraine ní 2022 gbé owó rẹ̀ sókè, náírà tó já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023 tún fi kún un. Owó oúnjẹ èèyàn la san lórí rẹ̀. UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù oúnjẹ ló ṣòfò lágbàáyé ní 2022, inú ilé àwọn èèyàn bíi tiwa sì ni ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti jáde. Ewúrẹ́ ní èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹnì kankan kò bá a dù. Èyí tó sì bu, kí a má ṣe fún òun náà, torí èébu lè pa ẹran lára.