Ọjọ́ méjì ni erékùṣù, ìyókù ni Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́. Ẹ ní a kò gbọdọ̀ lọ sí ìlú bàbá yín láìdé etí òkun. Ó dára. Bí a bá ti dé Kútọnu, a ó lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Bouche du Roy, lẹ́bàá Grand-Popo, níbi tí odò Mono ti ń já sínú òkun. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni yóò gbé wa gba àárín igi ẹ̀gbà dé àwọn erékùṣù kéékèèké ibẹ̀. Ẹ óò rí àwọn ìyá tó ń se iyọ̀. Láti 2017 ni UNESCO ti ka agbègbè odò náà, ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò, mọ́ ibi tó yẹ ní títọ́jú. Ibẹ̀ parọ́rọ́. Ẹ sùn dáadáa, torí lọ́jọ́ kẹta, òkè là ń lọ, sí Ṣábẹ̀, ìlú mi.

Ó tó 250 kìlómítà. Bí a bá ti kọjá Ìdáásà, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Òkúta ràgàjì yóò yọ sí yín láàárín pápá, orí rẹ̀ pá. Ọmú Ṣábẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín níwájú ìyá àgbà. Inselberg ni olùkọ́ yín ń pè é. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni, òkè erékùṣù ló túmọ̀ sí. Ẹ rí i pé èmi náà ní erékùṣù tèmi?

Orí òkè yẹn làwọn baba wa sá sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń ti Abomey wá kó wa lẹ́rú. Títí bàbá mi fi kú, bí ará Abomey bá jókòó tì í nínú ọkọ̀, á fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Kò mọ̀ pé Abomey ni màá ti fẹ́ ìyá yín.

Bí a bá wọlé ìyá àgbà, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àbúrò yín, kúnlẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ tẹríba díẹ̀ bíi pé ọrùn ń dùn yín. Ẹ má na ọwọ́ sí àgbà pé ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fún yín ní wàgáàsì, wàrà Fúlàní tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sọ di pupa, ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń gbà á.

Ẹ sọ Yorùbá, bó bá tilẹ̀ wọ́. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá sọ ọ́, egungun ẹran ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn. Sígínáà là ń pè é. Kò ní kúrò lọ́rùn rẹ títí wàá fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn yadi fún mi. Mo gbé egungun náà délé, mo sì fi sùn. Ó ń rùn. Ìyá àgbà já a, ó jù ú sí ajá. Ọjọ́ kejì, ẹgba mẹ́wàá. Faransé tí ẹ ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn, bí èmi ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ kó bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, torí a ó gun òkè náà. Òkúta wa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀, sílípáàsì etí òkun kò lè gùn ún.