Lọ́jọ́ tí àwo Barrister bá dé, Òkè Padre kì í tètè sùn

Ẹni tó bá fẹ́ dé Òkè Padre n'Ìbàdàn, kó yáa múra gíga. Ó ti Ògùnpa bọ̀ o, ó gba Ìdíkàn wọlé o, òkè náà ni yóò gùn, orúkọ àdúgbò ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọlọ́kadà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti yí jíà padà kó tó dé ìdajì ọ̀nà, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì gbá a mú ṣinṣin. Béèyàn bá wá débẹ̀ tán, tó yíjú padà, páánù ilé ni yóò rí, páánù tó ti dípẹtà, tó pọ́n bí epo, tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ dé ibi tí gbọ̀ngàn Màpó jókòó sí lórí òkè tiẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó. Ọ̀pọ̀ agbo ilé tó yí i ká ti wà ńbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Orúkọ àdúgbò yẹn gan-an ní ìtàn. "Padre" kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe èdè àwọn òyìnbó tó kọ́ Màpó. Èdè Potogí ni, "bàbá" ló túmọ̀ sí, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe àlùfáà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà sí Èkó, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, ni wọ́n mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bọ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní. Nígbà táwọn fadá ẹgbẹ́ SMA, tí orísun wọn jẹ́ ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, wá tẹ̀dó sórí òkè yìí ní nǹkan bí ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ará Ìbàdàn ò wulẹ̀ wá orúkọ lọ síbì kan. Òkè táwọn padre ń gbé, Òkè Padre náà ni. Ibẹ̀ ni kàtídírà Màríà Mímọ́ wà. Lọ́dún 1958 ni Ìbàdàn di dáyọ́sìsì, ó sì di àkìdáyọ́sìsì lọ́dún 1994.

Àmọ́ o, béèyàn bá jókòó ti àwọn àgbà tó ń gba atẹ́gùn níwájú ilé nírọ̀lẹ́, àwọn tí wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, kò ní í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fi kúrò lórí padre, tí yóò bọ́ sórí Àyìndé. Àyìndé wo? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn àtijọ́, àlejò ni. Síkírù Àyìndé Barrister ni o, Alhaji Àgbà, Mr. Fújì fúnra rẹ̀.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kejì ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ṣé Èkó ló ni ín ni? Ìdílé Balógun n'Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ ti wá, òun náà ò sì fi bò rí. Nígbà tó dá ilé iṣẹ́ àwo tiẹ̀ sílẹ̀, orúkọ tó fún un ni Siky-Oluyole. Síkírù tó wà níwájú yẹn, orúkọ ara rẹ̀ ni. Olúyọ̀lé tó tẹ̀ lé e, Baṣọ̀run Olúyọ̀lé tí gbogbo ayé fi ń pe Ìbàdàn ní ìlú Olúyọ̀lé ni. Ẹ wò ó bó ṣe máa rí lára ẹni tó ń gbé Fọ́kọ̀, Bẹ́yẹrúnkà tàbí Òkè Padre, tó ra àwo, tó yọ ọ́ nínú páálí, tó sì rí orúkọ ìlú tiẹ̀ láàárín rẹ̀ níbi tó ti ń yí bírí-bírí. Kì í ṣe àwo Èkó ló rà mọ́ o. Ọjà ilé ni.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Orí òkè ni wọ́n ń gbé, orúkọ òkè ni wọ́n sì ń jó sí. Barrister fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé orúkọ òkè Fújì tó wà nílẹ̀ Japan lòun rí lára pátákó ìpolówó kan ní pápákọ̀ òfúrufú, lòun fi sọ orin òun ní fújì. Wéré ni wọ́n ń pe ìyá orin náà tẹ́lẹ̀, orin ajísààrì táwọn ọmọkùnrin àdúgbò ń kọ láàjìn lásìkò ààwẹ̀ láti fi jí àwọn mùsùlùmí kí wọ́n dìde wá jẹ sààrì. Ìbàdàn wà lára ibi tí wéré ti gbilẹ̀ jù. Àárín rẹ̀ náà ni Dáúdà Epo Àkàrà ti jáde, ọmọ Ìbàdàn tó sọ tiẹ̀ di àwúrebe, tó sì kú lọ́dún 2005. Ilé tí bàbá ti ń lọ ṣáàṣì, tí àbúrò rẹ̀ ń lọ máàsì, kò ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn. Ẹni tí wéré jí láago mẹ́ta òru, tí kì í gbààwẹ̀ rárá, yóò kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, ṣùgbọ́n orin ti wọ ọ́ létí ná. Báyẹn lọ̀pọ̀ ọmọ Àgùdà ṣe di ọmọ fújì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

Barrister gan-an kọ wéré láti kékeré kó tó wọṣẹ́ ológun, ó sì wà nínú iṣẹ́ náà lásìkò ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, kò sí ọdún kan tó máa lọ láìjẹ́ pé àwo rẹ̀ jáde, ìgbà mìíràn méjì, ìgbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ọjọ́ tí àwo bá dé. Kì í ṣe ohun tí rédíò máa ń kéde tán kéèyàn tó mọ̀. Awakọ̀ tó ti Èkó dé ló máa kọ́kọ́ gbọ́, yóò dé gáréèjì, yóò ní, "Àyìndé ti gbé òmíì jáde o!" Ó tán! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù yóò ti gbé lọ́ọ̀dísípíkà sójú títì, wọn yóò yí i sókè débi pé ẹni tó ń ná ata lódìkejì ọ̀nà yóò máa fọwọ́ júwe ni, ẹnu ò gbà á mọ́. Àwọn èèyàn yóò kóra jọ, wọn ò ní í rà á, wọn yóò kàn dúró. Ojú kan àwo lè tó ogún ìṣẹ́jú láìdánudúró, wọn yóò sì dúró gbọ́ ọ tán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ yóò ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ibi tó ń lọ yìí ni, kó tó mọ̀, wọ́n ti yí i sí ojú kejì.

Àwọn agbo ilé tó ní gíráámófóònù ò pọ̀ nígbà yẹn. Ilé tó bá ní in, ọjọ́ náà ni yóò mọ iye ọ̀rẹ́ tó ní. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ǹṣì yóò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọdé yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì yóò sún àdògán rẹ̀ súnmọ́ wọn díẹ̀ sí i, nítorí pé orin ń pa òun náà, owó sì wà níbẹ̀. Wọ́n á gbọ́ àgbọ́kìíní láìsọ̀rọ̀. Àgbọ́kejì ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń bá wí níbẹ̀ yẹn? Èwo ló ní ẹnì kan ń dalẹ̀ òun? Olówó wo ló kì ní ojú kejì, kí ló sì fún un tó fi kì í gùn tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá mọ ẹnì kan tó mọ onílù ẹgbẹ́ náà, ọba ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kódà bó bá ń purọ́.

Èyí tó tún wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ Kollington Àyìnlá. Ṣójà lòun náà tẹ́lẹ̀ bíi Barrister, olórin fújì lòun náà, àwọn méjèèjì sì fi àwo bú ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn ọdún 1980. Bí ti ẹni kìíní bá jáde lónìí, wọn yóò máa ka ọjọ́ títí èsì yóò fi dé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Èyí tó bá jẹ́ ti Kollington nínú agbo ilé n'Ìbàdàn, kó mọ̀ pé òun nìkan lòun máa gbèjà ara òun. Ọ̀rẹ́ ń tìtorí ẹ̀ yan ara wọn lódì, tọkọtaya ń tìtorí ẹ̀ jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ni ìjà ń ta àwo ni ní tiwọn.

Lọ́dún 1988 ni Fuji Garbage jáde. Àwọn tó gbọ́ òyìnbó ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, pé pàǹtí ni garbage, pé ṣé bó ṣe wá kù nìyẹn, pé Àyìndé ń ta pàǹtí fáwọn. Ẹ̀rín yẹn ò dé alẹ́. Àwo náà mi ìlú tìtì, ijó rẹ̀ di ijó gbogbo òde, ìnáwó tí wọn ò bá ti lù ú, ẹni tó ṣe é ò tíì náwó. Kódà àwọn ọmọ iléèwé tí juju ni bàbá wọn ń gbọ́, ti Obey àti Sunny, àsìkò yẹn ni wọ́n sọdá.

Ibi tó wá dun ni jù nìyí o. Ọdún 1986 nìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwo sì gbówó lórí. Òṣìṣẹ́ tó ń ra àwo méjì lóṣù tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo páálí rẹ̀ lójú, ó ń gbé e sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sáré lọ bá. Kásẹ́ẹ̀tì sì nìyẹn, ohun tí wọ́n ń kọ sórí òmíràn ni. Ẹnì kan á ra ojúlówó, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní rédíò oníhò méjì, kí ilẹ̀ tó mọ́, ogún ilé ti ní in. Lẹ́yìn náà làwọn ayédèrú gidi tún wọlé, àwọn tó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n ń lẹ fọ́tò olórin mọ́ ọn bíi pé láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ti wá. Ọdún 1988 yẹn kan náà nìjọba ṣòfin tuntun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin àti ti òǹkọ̀wé. Òfin wà nínú ìwé, ayédèrú wà lójú títì.

Ká sòótọ́, kì í ṣe àwọn alayédèrú nìkan ló jẹ̀bi. Ẹni tó lè fa aṣọ ya nítorí Barrister, tó lè torí ẹ̀ na àbúrò ìyàwó ẹ̀, òun náà ló ń wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kiri láti fi kọ orin ọ̀gá ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ dénú. Béèyàn bá sọ fún un pé ó ń jalè, yóò bínú, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó kí onítọ̀hún. Ó gbà pé Àyìndé ti lówó, pé òde àríyá ni wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú, kí ni náírà díẹ̀ tòun máa fi kún un? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àwo wọlé. Àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù náà ò ṣẹ́kù mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwo dúdú ńlá yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, àwọn tó ń tà á lọ ń ta páàtì mọ́tò, àwọn míì ń ta ṣúgà àti mílíìkì l'Ágbẹ́ni.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Barrister kú sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Èkó ni wọ́n sin ín sí, nílé rẹ̀ n'Ísọlọ̀. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn yóò rántí pé ńṣe ló dà bí ọjọ́ tí àwo tuntun jáde, lọ́ọ̀dísípíkà níbi gbogbo, orin rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Èyí tó yàtọ̀ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò sẹ́ni tó ń jiyàn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti Saheed Òṣùpá àti ti Pasuma làwọn ọmọ ń bá kiri, Taye Currency tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn náà sì ní tiẹ̀. Wọ́n ń jà, wọ́n ń bú ara wọn bíi tàwọn bàbá wọn. Àmọ́ fóònù ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, nǹkan kékeré ni wọ́n kì bọ etí. Orin lè jáde láago méjìlá òru, kí wọ́n ti gbọ́ ọ tán kó tó di ààbọ̀, oníkálukú lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Kò sí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀, alákàrà ò sún àdògán síbì kankan. Bóyá ìyẹn ò burú, ó ṣe tán, àwọn tó fẹ́ sùn lè ráyè sùn.

Àwọn àwo àtijọ́ ò sì tíì tán nílẹ̀. Wọ́n wà lókè àjà, wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, páálí wọn ti ya, eèrà ti jẹ òmíràn. Àwọn kan máa ń ti Èkó àti òkè òkun wá báyìí, wọ́n ń wá wọn rà kiri agboolé, owó tí wọ́n sì ń dá lé e ò kéré. Ọ̀pọ̀ àgbà ò tà á. Wọn ò ní gíráámófóònù tí wọ́n lè fi lù ú mọ́, síbẹ̀ wọn ò tà á. Bí aago kàtídírà bá lù nírọ̀lẹ́, tí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn páànù, èèyàn lè rí bàbá kan tó gbé tiẹ̀ jáde wá síta, tó fi aṣọ nu eruku ojú rẹ̀, tó gbé e sún mọ́ojú dáadáa láti ka ohun tí wọ́n kọ sí àárín rẹ̀, kó tó tún rọra kì í padà sínú páálí.