Beijing, Ìlú tí Ó Wó Odi Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, láti ilé kéwú ni a ti ń gbọ́ ọ pé kí á wá ìmọ̀ kódà bí ó bá wà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn onímọ̀ hádíìsì sọ pé ẹ̀gbàwá rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, Beijing, olú-ìlú Ṣáínà ní apá àríwá, tó ohun tí à ń wá ìmọ̀ nípa rẹ̀.

Ní ọdún 1267 ni Kublai Khan, ọba àwọn Mọ́ńgólì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ olú-ìlú tuntun síbẹ̀. Mùsùlùmí kan tí ìwé ìtàn Ṣáínà pè ní Yeheidie'er wà lára àwọn tí ó darí iṣẹ́ náà. Àwọn ọba Ming ló kọ́ ààfin ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, láti 1406 sí 1420.

Ṣùgbọ́n Niujie ni ọkàn wa fà sí jù, ìyẹn Òpópó Màlúù. Wọ́n ní láti ọdún 996 ni mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ ti wà. Òrùlé rẹ̀ ká sókè létí bíi ti ilé àwọn ará Ṣáínà yòókù, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé Lárúbáwá aláwọ̀ wúrà ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí a fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan ní kò jọ mọ́ṣáláṣí. A ní kí ó wo ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun: ìwọ̀-oòrùn ni, nítorí ọ̀hún ni Mẹ́kà wà sí wọn. Ibojì àwọn àlùfáà méjì tí wọ́n ti òkèèrè wá, tí wọ́n kú nígbà ìjọba Mọ́ńgólì, wà nínú àgbàlá. Ilé gíga onígun mẹ́fà kan tún wà fún wíwo oṣù. (Awuyewuye oṣù tiwa, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀ ná.)

Odi ìlú náà ni ó dùn wá. Odi inú nìkan gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 24 yíká. Ní 1950, Liang Sicheng, ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn ilé kíkọ́, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má wó o, kí wọ́n sọ orí rẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ fún mẹ̀kúnnù. Wọn kò gbọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ipa odi gan-an ni wọ́n gbà. Ìbodè díẹ̀ àti ìwọ̀nba àjákù odi ló kù.

Liang kú ní 1972. Ní 2012, ìròyìn kàn pé wọ́n ti wó ilé tí òun alára gbé rí ní Beijing. Àwọn aláṣẹ ní dandan ni kí wọ́n tún un kọ́ bí ó ti wà. A jókòó, a bi ara wa léèrè bóyá ilé Liang ni wọn yóò kọ́, àbí ilé tí ó jọ ọ́.