Ọwọ́ Ni Í Kọ́ Ọwọ́: Ìdánrawò Àwọn Akọ̀wé Ọlọ́nà ní Istanbul

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá lọ́nà àtijọ́ ní Istanbul kì í fi álífù bẹ̀rẹ̀. Àdúrà kúkúrú kan ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, èyí tí ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí iṣẹ́ náà rọrùn. Ìlà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó lè gbà á ní ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà síso wọn ní méjì-méjì, kí ó tó kan gbólóhùn. Meşk ni àwọn Tọ́kì ń pe ìdánrawò yìí.

Olùkọ́ yóò kọ ìlà kan; akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé e lọ sílé, yóò máa wò ó kọ títí, yóò sì mú èyí tí ó dára jù padà wá. Abẹ́ lẹ́tà tí ó wọ́ ni olùkọ́ yóò kọ èyí tí ó tọ́ sí. Bí ẹnu gègé esùsú bá kan ìwé lẹ́ẹ̀kan, àmì onígun mẹ́rin ni ó ń fi sílẹ̀. Àmì yìí ni òṣùwọ̀n. Ní ìlànà thuluth, méje nínú rẹ̀ ni gíga álífù. Nítorí náà, kì í ṣe pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ “kò dára” lásán. Ó lè rí i pé àmì kan ni ó fi kù. Olùkọ́ tí ń fa ìlà pupa sára àròkọ ọmọ láìtọ́ka sí àṣìṣe, kí ó wo èyí.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ báyìí. Ibn Khaldun ti ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú Muqaddimah, ní 1377, pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òfin rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Cairo, ṣùgbọ́n ní Maghrib, odindi ọ̀rọ̀ ni ọmọ ń wò kọ. Ọ̀dọ̀ ará Maghrib ni ìkọ̀wé Lárúbáwá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣẹ̀ wá. Wàláà tí ọmọ ilé-kéwú ń fi tàdáwà kọ, tí ó sì ń fọ̀, àkọ́sórí Kùránì ni ó wà fún ju ẹwà lẹ́tà lọ.

Bí ojú ìwé ìdánrawò bá kún ní Istanbul, wọn yóò tún kọ lé e lórí, ní òró àti ní ìbú, títí yóò fi dúdú. Kò ṣeé kà mọ́. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń kó irú rẹ̀ pamọ́ bí ohun iyebíye, nítorí pé níbẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀gá ti hàn láìṣe àṣehàn.

Ní 1928, ìjọba Tọ́kì fi lẹ́tà Látìn rọ́pò ti Lárúbáwá. Oúnjẹ bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ akọ̀wé ọlọ́nà. Ìwé tí ó sọnù ṣeé tún tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí bá kú láìní akẹ́kọ̀ọ́, ta ni yóò tún lẹ́tà tí ó wọ́ ṣe? Hamid Aytaç, tí wọ́n bí ní 1891, kò jáwọ́. Ó kọ́ Hasan Çelebi, ó sì fún un ní ijaza, ìwé-àṣẹ tí akọ̀wé ń gbà kí ó tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́. Hasan Çelebi náà kọ́ Mohamed Zakariya, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó ń fi ìdánrawò rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí àtúnṣe sì ń padà bá a nílé. Ó gba ijaza tirẹ̀ ní 1988. Ní 2001, ilé-ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gbé sítáǹpù ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá jáde. Zakariya ni ó kọ ọ́.