Ilé Oúnjẹ, Ilé Ọnà àti Ìsọ̀ Aláró ní Òṣogbo

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa a máa wí pé bí a bá kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí Òṣogbo, igbó Òṣun nìkan ni ó yẹ kí wọn ó wò, kí ọkọ̀ sì yí orí padà. A kò bá wọn jiyàn lórí òkìkí igbó náà, nítorí pé ní 2005 ni àjọ UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun-ìní tí gbogbo ayé níláti tọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rìn ní ìgboro, tí kò jẹun ní búkà, tí kò sì yà sí ìsọ̀ aláró, ìdajì Òṣogbo ni ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a gba òpópó Stéṣọ̀n wọ ìlú. Ní òpópó yìí ni Dúró Ládípọ̀ ti ní ilé ọtí kan tí à ń pè ní Popular Bar. Olùkọ́ ilé-ìwé ni ọkùnrin náà ti jẹ́ rí, gẹ́gẹ́ bí àwa tí a ń kọ èyí àti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ní 1961 ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, nítorí pé etí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò tíì gba irú ìlù bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ládípọ̀ gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ilé ẹgbẹ́ àwọn ònkọ̀wé àti ayàwòrán tí à ń pè ní Mbari. Ohun tí ó rí níbẹ̀ wù ú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ilé ọtí tirẹ̀ di irú ilé kan náà ní 1962. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo fi èdè tiwa gbọ́ ọ, wọ́n ní Mbárí-Mbáyọ̀, èyíinì ni pé, bí mo bá rí i, èmi ó yọ̀. Àwa fẹ́ràn orúkọ kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nínú ilé kékeré yìí ni wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ń kun àwòrán. Eré Ọba Kò So jáde ní 1963, ní ọdún kejì rẹ̀ wọ́n sì gbé e dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Èyí tí ó kàn wá jù ni irú àwọn ènìyàn tí ó yí ilé náà ká. Alágbẹ̀dẹ ni Àṣírù Ọlátúndé kí ó tó máa fi òòlù lu àwòrán sára páànù. Jimoh Buraimoh ni ó ń mójútó iná mànàmáná fún eré Ládípọ̀ kí ó tó di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Twins Seven-Seven ní tirẹ̀, ijó ni ó jó wọlé. Nígbà tí Georgina Beier pe àwọn ọ̀dọ́ jọ láti kun àwòrán ní 1964, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí. (Èyí a máa wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a bá ń fi yíǹkì pupa kọ máàkì sára ìwé àwọn ọmọ.) Ládípọ̀ kú ní 1978, ṣùgbọ́n Nike Davies-Okundaye, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dàgbà láàrin ẹgbẹ́ náà, dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó sì fi ń kọ́ni.

Nígbà tí a bá rìn dé ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, ebi a ti máa pa àwọn ọmọ. Búkà kan wà níbẹ̀ tí kò ní pátákó orúkọ, bẹ́ńṣì mẹ́rin sì ni gbogbo ìjókòó rẹ̀. Àmàlà dúdú, ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já, gbẹ̀gìrì tí a ti bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ dànù. Bí a bá da ọbẹ̀ méjèèjì pọ̀ tí a sì bu ata lé e, a kò mọ ohun tí a lè fi wé e.

“Ẹ kú ìjókòó o, ìyá.”

“Ẹ kú àbọ̀, tíṣà. Àwọn ọmọ yín tún pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wẹwọ́ o.”

Ìlú Aró ni à ń pe Òṣogbo, kì í sì í ṣe àsọdùn. Ewé ẹ̀lú ni àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ, kí aró má baà dé ibẹ̀. Èyí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní òde òní, aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ni wọ́n ń tà lórúkọ àdìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti mọ̀ ọ́n: kí wọ́n wo ọnà kan náà níbi méjì lára aṣọ. Bí méjèèjì bá bára mu láìyẹ̀ ní ìlà kan, ẹ̀rọ ni.

“Àrẹ̀dú o!” ni a fi kí ìyá àgbà kan tí ó ń yọ aṣọ nínú ìkòkò. Ọmọ kíláàsì kẹrin kan bi í pé, “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ó fi dà bí ewé tútù?”

“Afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró, ọmọ mi. Dúró, kí o wò ó.”

Ó dúró títí aṣọ náà fi dúdú. Ìyá náà sọ fún wa pé ọmọbìnrin mẹ́rin ni òun bí, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ kí aró kan òun lọ́wọ́. Ó yọ̀ǹda fún ọmọ náà láti ti aṣọ kan bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí ó na ọwọ́ sókè ní kíláàsì láti dáhùn ìbéèrè ìṣirò, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀.