Bí ihò iwin bá lanu

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré Dungeons & Dragons, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Nínú The Keep on the Borderlands, ìwé ìrìnàjò eré náà tí Gary Gygax kọ, níbi tí ẹ̀yà iwin lóríṣiríṣi gbé tẹ̀dó sínú ihò àfonífojì kan ṣoṣo, àwọn iwin goblin a máa ju àpò wúrà ẹyọ 250 sí ogre, òmìrán abàyà gbàràgàdà, kí ó lè wá gbèjà wọn.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ogre yẹn ni ibi tí ògiri ti lanu: ẹni tí owó rà, owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lè tún un rà!

Kì í sì í ṣe gbogbo iwin ni a gbọ́dọ̀ bá jà: òfin eré náà ti ọdún 1974 ní kí á ju dáìsì méjì láti mọ̀ bóyá ìjà ni ẹni tí a bá pàdé ń wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa òfin yẹn tì.

Iwin wo ni àwọn òṣèré yín bá mulẹ̀ kẹ́yìn?