Àìdọ́gba Ooru

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá ń kà nípa ẹ̀rọ lésà tó ń tan ìtànṣán X, irú ìtànṣán tí ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán eegun. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stanford ní Amẹ́ríkà ní 2009. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Hamburg ní Jámánì ní 2017.

Dígí ni í darí ìtànṣán yìí. Bí ó bá dojú kọ dígí gan-an, inú rẹ̀ ni yóò wọ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń mú un gbà, kí ó lè ta kúrò bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù sójú omi. Síbẹ̀, díẹ̀ a kù sínú dígí, a sì di ooru. Lésà ti 2009 ń ṣẹ́jú nígbà 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí wọ́n fi kún un, tó kọ́kọ́ tàn ní 2023, ni wọ́n ṣe kí ó lè ṣẹ́jú tó ìgbà mílíọ̀nù kan. Dígí kò ráyè tutù mọ́. Àárín rẹ̀ a wú, etí rẹ̀ kò ní wú. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, wíwú tó tó ìpín mélòó kan péré ti tó láti ba ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́.

Kò sí ìyá kan ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá tí èyí ṣàjèjì sí. Bí a bá da ẹ̀kọ gbígbóná sínú ife gíláàsì tútù, ife a sán, nítorí pé inú rẹ̀ ti wú kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbóná. Àìdọ́gba ooru ló fọ́ ife. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi ń fi iná mànàmáná mú ibi tó tutù lára dígí móoru, kí ó lè bá àárín dọ́gba. Àwọn mìíràn ń mú sílíkọ́nì tutù dé nǹkan bíi 148 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbẹ̀, ooru díẹ̀ kì í mú un wú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Alímọ̀ṣọ́ níbí gbà pé èdè Yorùbá kò lè ru ẹrù sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n wú, sán, móoru, dọ́gba: ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni gbogbo wọn, àwọn náà ni mo sì fi ṣàlàyé yìí. Ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀ràn yé yín. Ẹni tí ọ̀ràn bá yé ni í rí ọ̀rọ̀ sọ ọ́.